Ìbora Tó Wà Lájà Ilé Bàbá Mi

Ìjókòó bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ya ló wá ọkọ fún mi. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọdé ilé máa ń rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní Àǹtí Delphine tún ti bẹ̀rẹ̀. Òtítọ́ ni mo sì ń sọ. Ká ní ìjókòó yẹn ò ya ni, bóyá ilé Dádì mi ni ǹ bá ṣì wà dòní, kí n máa din ẹyin fún un láràárọ̀, kí n máa parọ́ fún ara mi pé ó tẹ́ mi lọ́rùn.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà. Ní Tolliver wa níbí, odò ló yí wa ká lọ́nà mẹ́ta, ọ̀nà ọ̀dà kan ṣoṣo ló mú wa jáde. Obìnrin tó bá ti kọjá ọgbọ̀n ọdún tí kò lọ́kọ, gbogbo ìjọ ló máa ń gbé e sínú àdúrà. Lálaalẹ́ ọjọ́rú, bí wọ́n bá ti dárúkọ àwọn tó wà ní ọsibítù tán, orúkọ mi ló kàn.

Àǹtí Theola ni olórí àwọn obìnrin tó ń rán ìbora alábùlẹ̀ nínú ìjọ wa. Ọ̀rẹ́ ìyá mi ni, wọn kì í ya ara wọn nígbà tí ìyá mi wà láyé. Lọ́dọọdún, ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù karùn-ún, òun àti àwọn obìnrin náà máa ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Larkin, níbi tí wọ́n ti máa ń kó ìbora síta gbangba: lára ọgbà, níwájú ṣọ́ọ̀bù, lórí okùn tí wọ́n so mọ́ igi láti ìbẹ̀rẹ̀ títì dé òpin rẹ̀, káwọn èèyàn máa wò ó. A máa ń lọ láàárọ̀, a sì máa ń dé nírọ̀lẹ́. Wákàtí mẹ́ta péré ni ọ̀nà ibẹ̀, ṣùgbọ́n láti oṣù kejì ni Àǹtí Theola ti máa ń múra rẹ̀ bí ẹni tó ń lọ sójú ogun. Ó máa ń kọ ẹni tó máa jókòó síbi kan, ẹni tó máa din adìyẹ, ẹni tó máa gbé páì ọ̀dùnkún, àti ẹni tí kò gbọdọ̀ jókòó lẹ́yìn nítorí èébì.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, Sísítà Birdie ní òun ò lọ mọ́, pé ìjókòó bọ́ọ̀sì ti fa ìbọ̀sẹ̀ òun ya lẹ́ẹ̀mejì. Ni Àǹtí Theola bá ránṣẹ́ pe Lemuel Hobdy, ẹni tó máa ń rán ìjókòó ọkọ̀ ní ìpẹ̀kun ọ̀nà wa. Ó wá ní kí n gbé omi lọ fún un. Mo rò pé nítorí òùngbẹ ni.

Ó dùbúlẹ̀ sáàárín bọ́ọ̀sì, ó fẹnu gbá abẹ́rẹ́ kọdọrọ kan mú. Kò tiẹ̀ wo ẹni tó wọlé. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di ibí yìí mú." Mo dì í mú. Ó tó wákàtí kan tí mo dì í mú, omi tí mo gbé wá sì lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo ń wo ipa abẹ́rẹ́ rẹ̀ bó ṣe ń lọ, tó kéré, tó dọ́gba. Mi ò tí ì rí ọkùnrin tó ń rán nǹkan bẹ́ẹ̀ rí. Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ.

Ó ní, "Ìyá ìyá mi ni. Wọ́n ní ọkùnrin tí kò bá lè rán bọ́tìnnì ara rẹ̀, nítorí bọ́tìnnì ló máa ṣe fẹ́ ìyàwó."

"Tìrẹ ńkọ́, ṣé bọ́tìnnì rẹ pé?"

"Ó pé. Tí mo bá máa fẹ́yàwó, kò ní jẹ́ tìtorí bọ́tìnnì." Ìgbà yẹn ló tó gbójú sókè wò mí. Mo gbé omi gbígbóná mi, mo bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀, mo jáde.

Láti ìgbà náà ló ti ń wá sílé wa lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi. A máa jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, a máa mu tíì tútù, a máa sọ̀rọ̀ títí yìnyín á fi yọ́ tán nínú ife. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ńlá là ń sọ. Ó máa ń sọ fún mi irú ìjókòó tó tún ṣe lọ́sẹ̀ náà, èmi náà á sọ irú ọmọ tó dà mí láàmú ní ilé ìwé tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Inú mi á wá máa dùn títí di ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ ẹtì ni màá tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ tó kù kó tún wá.

Nígbà tó di oṣù kẹjọ, ó wọ kóòtù, ó ṣí fìlà, ó wá bá Dádì mi nínú pálọ̀. Èmi wà nínú kíṣìnnì, mo fetí mọ́ ilẹ̀kùn, mo ń yọjú wò wọ́n.

Díákónì ni Dádì mi. Kì í jágbe mọ́ èèyàn, èyí ló sì máa ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo. Ó bi Lemuel bóyá ó máa ń rí ilé kan lẹ́bàá ọ̀nà. Gbogbo Tolliver ló mọ ilé náà. Bàbá Lemuel ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó mọ bíríkì rẹ̀ dé orí fèrèsé, ló bá di àpótí rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde, ó fi ìyàwó àti ọmọ márùn-ún sílẹ̀, ó bá ọkọ̀ ojú irin lọ sí òkè àríwá. Ó ti tó ogún ọdún. Igi ti hù nínú yàrá rẹ̀, orí rẹ̀ sì ti yọ síta níbi tó yẹ kí òrùlé wà.

Dádì ní, "Àwọn ará ilé Hobdy kì í parí nǹkan."

"Èmi kọ́ ni mo bẹ̀rẹ̀ ilé yẹn, sà."

"Ìwọ lo jogún rẹ̀." Dádì wá na ìka sókè. "Ọjọ́ tí ìyẹn bá ti àjà sọ̀kalẹ̀, tó sì parí, ọjọ́ náà ni màá fi ọmọ mi fún ọ."

Mo mọ ohun tó ń nàka sí. Nínú àwọn ilé wa, okùn mẹ́rin la máa ń fi so férémù ìbora mọ́ àjà. Bí àwọn obìnrin bá wá rán an, a ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe tán, a ó fà á sókè, kí ará ilé lè ráyè kọjá. Ọjọ́ ìṣẹ́gun kan la fa ti ìyá mi sókè. Ọjọ́ ẹtì ọ̀sẹ̀ náà ni wọ́n kú. Ọdún márùn-ún ti kọjá, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan okùn náà. Abẹ́ rẹ̀ gan-an ni Dádì gbé àga rẹ̀ sí, ibẹ̀ ló ti ń ka Bíbélì, ibẹ̀ ló ti ń sùn lọ́sàn-án. Nítorí náà, ó yé gbogbo wa. Ó ń sọ fún Lemuel pé òun ò ní fi mí fún un láéláé.

Lemuel dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó dé fìlà rẹ̀, ó lọ. Kò wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa mọ́.

Àwọn oṣù tó tẹ̀ lé e, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n parọ́, wọ́n korò. A máa ń ríra wa ní ṣọ́ọ̀ṣì, a máa kíra wa bí ará ìjọ. Bí ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ bá dé iwájú ilé wa, ó máa ń rọra, kì í sì í fọn fèrè. Mo mọ dídún ọkọ̀ náà láàárín ogún ọkọ̀. Àmọ́ ìbẹ̀rù ò jẹ́ n gbádùn. Mo ń rò ó pé tó bá jẹ́ òótọ́ ni Dádì sọ ńkọ́? Tó bá ṣe pé bó ṣe ń rọra kọjá yẹn, lọ́jọ́ kan, ó kàn máa kọjá ni ńkọ́? Nígbà tó sú mi, mo dá a dúró lẹ́yìn ìsìn, mo ní kó lọ wá ẹlòmíràn, pé kó má fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣòfò lórí ọ̀rọ̀ mi.

Ó wò mí títí. Ó ní, "Delphine, mo ti di ibì kan mú. Mi ò tí ì rán an tán." Mo wọ ọkọ̀ Dádì, mo sunkún dé ilé, mo ní òtútù ló mú mi.

Oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e ni Àǹtí Theola gbé ìwé àti pẹ́ńsù dé ibi tábìlì wa, ó ní kí n po kọfí, pé ètò Larkin ti dé. Ó kọ orúkọ mẹ́rìnlá. Ó fi Sísítà Birdie síwájú nítorí èébì. Ó ní èmi ni màá yan kéèkì. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Dádì mi, tó jókòó sórí àga rẹ̀ lábẹ́ férémù.

"Díákónì, mo ti kọ orúkọ yín. Ẹ̀yìn dẹ́rẹ́bà lẹ máa jókòó sí."

Dádì ní òun ò lọ síbì kankan. Ó ní kí ni òun fẹ́ lọ wá láàárín obìnrin àti ìbora. Àǹtí Theola ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó ṣàlàyé pé lọ́dún yìí, àwọn ará Larkin fẹ́ so okùn kan sọ́tọ̀ fún àwọn obìnrin tó mọ ìbora rán tí wọ́n ti kú, pé ìlú kọ̀ọ̀kan ló máa mú ẹyọ kan wá. Ó ní ní Tolliver, kò sí ọwọ́ tó tó ọwọ́ Ozella, ìyá mi.

Dádì ní, "Kò tí ì parí."

"Mo mọ̀ pé kò parí. Ta ni kò jẹ́ kó parí?" Àǹtí Theola gbé pẹ́ńsù sílẹ̀. "Ẹ ń pe ọmọ ọlọ́mọ ní ẹni tí kì í parí nǹkan. Ó ń lọ sí ọdún mẹ́fà báyìí, Díákónì. Kí ló wà lórí yín?"

Mo dúró gbagidi pẹ̀lú ìkòkò kọfí lọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni kì í bá Dádì mi sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó gbójú sókè wo férémù náà, ó wò ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò pé ó ń gbàdúrà.

Ó ní, "Okùn mẹ́rin ni. Èèyàn mẹ́rin ló máa mú un kó má baà yẹ̀."

"Èmi, Delphine, ẹ̀yin." Àǹtí Theola mu kọfí rẹ̀. "Ẹnì kan ló kù. Kó sáà ti jẹ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ lágbára."

Dádì ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Kò sì sọ pé rárá.

Bí Lemuel ṣe padà wọ ilé wa nìyẹn. A dúró sí igun mẹ́rin, a tú okùn díẹ̀díẹ̀, férémù náà ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú eruku ọdún mẹ́fà. Ìbòka ìyá mi, tí wọ́n fi ń bo ìka kí abẹ́rẹ́ má baà gún un, wà lórí rẹ̀, ó yí, ó já bọ́ sílẹ̀. Dádì bẹ̀rẹ̀, ó mú un, ó fi í sápò ẹ̀wù rẹ̀. Ṣòkòtò iṣẹ́ Dádì tó ti gbó, àwọn àpò ìyẹ̀fun àti aṣọ ilé ìwé mi àtijọ́ ni ìyá mi gé, tí wọ́n fi to ìbora náà. Mo rí orúnkún ṣòkòtò tí Dádì máa ń wọ̀ lọ sóko nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo sì ní láti jáde lọ síta fúngbà díẹ̀.

A rán an fún oṣù méjì àti ààbọ̀, lọ́sàn-án, tí oníkálukú bá ti ibi iṣẹ́ dé. Àǹtí Theola wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, èmi wà ní ìkejì, Lemuel wà ní ìkẹta. Ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ń fọ ọwọ́ rẹ̀ kó tó jókòó. Dádì máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì. Gbogbo ohun tó bá Lemuel sọ ní gbogbo àkókò yẹn kò ju "Omi wà nínú kúlà" lọ. Àmọ́ èmi, mo ní ayọ̀ tí mi ò lè ṣàlàyé. Mo lè gbójú sókè kí n rí i. Bí abẹ́rẹ́ wa bá pàdé láàárín ìbora, a máa ṣe bí ẹni tí kò rí ara wọn, Àǹtí Theola á sì wúkọ́.

Ọjọ́rú tó ṣáájú Sátidé Larkin la parí rírán. Ohun tó kù ni ká yọ òwú ìdìmú, òwú funfun gbàǹgbà-gbàǹgbà tí a fi ń di aṣọ tó wà lókè, òwú àárín àti aṣọ ìsàlẹ̀ pọ̀ fúngbà díẹ̀ títí a ó fi rán an tán. Àǹtí Theola ti lọ rí sí ọ̀rọ̀ adìyẹ. Mo sọ fún Lemuel pé, "Gbogbo òwú funfun tó bá ti rí gbàǹgbà, yọ ọ́." Ó ń yọ ọ́, ó ń kó o sínú agolo. Ìdùnnú kún inú mi. Mo ń ronú ìgbéyàwó.

Nígbà tí Àǹtí Theola padà dé, ó fọwọ́ ra ìbora náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó dé igun kan, lára orúnkún ṣòkòtò Dádì, ẹ̀rín náà sì lọ.

Ó rọra béèrè pé, "Iṣẹ́ ọwọ́ Ozella tó wà níbí dà?"

Igun yẹn ni ìyá mi jókòó sí lọ́jọ́ ìṣẹ́gun yẹn. Àìsàn ti mú ìka wọn, ọwọ́ wọn ò mọ abẹ́rẹ́ mọ́. Ipa abẹ́rẹ́ wọn gbàǹgbà, ó wọ́, gẹ́gẹ́ bíi ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Òwú kan náà ni wọ́n sì máa ń fi ṣe ohun gbogbo. A rò pé ìdìmú ni. Èmi ni mo ní kí Lemuel yọ ọ́, òun ló yọ ọ́. Ohun tí ìyá mi fi ọwọ́ wọn ṣe gbẹ̀yìn láyé wà nínú agolo.

Mo kọ́kọ́ sọ ohun tí mo máa ń tijú rẹ̀ dòní. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má sọ fún Dádì. Mo ní a máa rán ibẹ̀, á kéré, á dára, ojú Dádì ò ríran dáadáa mọ́. Mo di Lemuel lápá mú. Mo ní, "Tó bá mọ̀, ó parí nìyẹn. Ó máa ní òun ti wí bẹ́ẹ̀."

Lemuel ò bá mi jà. Ó kàn ní, "Tí mo bá fi irọ́ wọ ilé yìí, Delphine, lọ́jọ́ wo ni màá bọ́ ọ sílẹ̀?" Ó mú agolo náà, ó rìn yí ilé po dé iwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí Dádì jókòó sí. Mo tẹ̀ lé e. Ó dúró, ó sọ ohun tó ṣe, kò dárúkọ mi rárá. Mo ní, "Dádì, èmi ni mo ní kó yọ ọ́." Dádì wo inú agolo. Ó dìde, ó gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá, ó lọ sí etí odò.

Lọ́jọ́bọ̀, Lemuel wá bí ẹni pé wọn ò lé e, nítorí ẹnikẹ́ni ò tíì lé e. Ó wá òwú náà nínú agolo títí ó fi rí i. Òwú yẹn ti ká kóńkó-kóńkó bí ìyá mi ṣe fi í sílẹ̀. Ó gbé igun ìbora náà sójú oòrùn, ihò abẹ́rẹ́ ìyá mi sì wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀, nínú ṣòkòtò bàbá mi. Mo di ibẹ̀ mú fún un. Ihò kan tẹ̀ lé ìkejì, ó ń ti abẹ́rẹ́ náà gba ojú ọ̀nà tí wọ́n gbà. Níbi tó wọ́, ó jẹ́ kó wọ́. Gbogbo ọ̀sán la fi rán ohun tí kò gùn ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ.

Ọjọ́ ẹtì dé. Mo yan kéèkì mi, ó wú dáadáa, mi ò sì ní ọkàn láti tọ́ ọ wò.

Aago márùn-ún àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, gbogbo wa ti wà níbi bọ́ọ̀sì. Lemuel tó yẹ kó wa bọ́ọ̀sì náà wá na kọ́kọ́rọ́ sí Dádì mi níwájú gbogbo èèyàn. Ó ní tí Díákónì ò bá fẹ́ kí òun wà á, kí wọ́n fún ẹlòmíràn. Dádì wọ bọ́ọ̀sì, ó jókòó sí ẹ̀yìn dẹ́rẹ́bà níbi tí Àǹtí Theola kọ orúkọ rẹ̀ sí. Ó ní, "Ọ̀nà jìn. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Ní Larkin, a gbé ìbora náà kọ́ sórí okùn àwọn tó ti kú, lábẹ́ igi óòkù méjì. Atẹ́gùn díẹ̀ ń fẹ́. Dádì sún mọ́ ọn, ó fi ọwọ́ wá igun náà, ó fi àtàǹpàkò tọ ipa òwú náà.

Ó ní, "Ibí yìí wọ́. Kí ló dé tí o ò tún un ṣe kó gún?"

Lemuel dáhùn pé, "Ihò tiwọn ni, sà. Bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀ ni."

Ọwọ́ Dádì dúró síbẹ̀. Ó ní, "Èmi ni mò ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́ fún un lọ́jọ́ yẹn." Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ó wá kọjú sí Lemuel. "Bàbá rẹ rí ohun tí kò parí, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Ìwọ rí ohun tí o bà jẹ́, o gba iwájú ilé wá bá mi."

Ìgbà náà ni obìnrin tó ń bójú tó okùn dé, tó ní ìbora wa ò ní àkọlé lẹ́yìn, pé kò sí orúkọ ẹni tó rán an. Àǹtí Theola, ẹni tó rántí iyọ̀, yìnyín àti èébì Sísítà Birdie, gbá orí rẹ̀ mú. Gbogbo wa ló gbàgbé. Obìnrin náà fún wa ní aṣọ pélébé kan àti báírò tí kì í ṣí bí a bá fọ̀ ọ́. Dádì gbà á. Ó tẹ́ aṣọ náà sórí itan rẹ̀, ó ń kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ àgbẹ̀ rẹ̀. Ó wá na aṣọ náà sí mi pé kí n rán an mọ́ ọn.

Ohun tó kọ nìyí: *Ozella Tarver ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Delphine ọmọ rẹ̀ àti Lemuel ọkọ ọmọ rẹ̀ ló parí rẹ̀.*

Lemuel kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Sà, a ò tí ì ṣègbéyàwó."

Dádì yọ ìbòka ìyá mi nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀, ó fi í sí mi lọ́wọ́. Ó ní, "Wọ́n ní báírò yẹn kì í ṣí. Ẹ yáa lọ wá nǹkan ṣe sí i, kí ẹ má sọ mí di onírọ́ lójú ìyàwó mi."

Omijé ò jẹ́ kí n ríran mọ́, ṣùgbọ́n mo rán àkọlé náà. Lemuel dì í mú fún mi.

Ní oṣù kẹfà ọdún náà la ṣègbéyàwó. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí ìjókòó tó ya, lórí ẹnu Àǹtí Theola, àní lórí agolo yẹn. Ilé tí kò lórùlé tẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà la ń gbé báyìí. Lemuel ló gun òkè lọ kan páànù rẹ̀, Dádì mi ló sì di àkàbà mú.